ṢẸ́LÒ LỌ́WỌ́ ỌMỌ ÈKÌTÌ

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Igbóbì bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ṣẹ́lò títa ni òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ìbéèrè méjì ni yóò bá pàdé. Èkínní ni pé, 'Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?' Èkejì le ju èkínní lọ: 'Ta ni o rí tí ó fi í jẹun?' Ìdáhùn sí èkínní kò ṣòro. Ìbátan gòjé ni ṣẹ́lò, àfi pé ó tóbi ju gòjé lọ fíìfíì. Okùn mẹ́rin ni ó ní. Ẹni tí ń ta á yóò jókòó, yóò gbé e sí àárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, yóò sì máa fi ọrun fa okùn náà. Ní ti ìbéèrè kejì, a lè pe Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ ní ẹlẹ́rìí.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní 1972. Ọmọ Ayégbajú-Èkìtì ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Táíwò Jẹ́gẹ́dẹ́, ẹni tí a fi ère gbígbẹ́ àti ewì mọ̀. Bàbá náà ṣiṣẹ́ ní Keskidee, ilé iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1971. Ọmọ kọ́ ṣẹ́lò ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Purcell àti ní Guildhall. Bí ó bá mọ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kò bá má pọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ti gba ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ó tún ti lọ kọ́ kora lọ́dọ̀ Amadu Bansang Jobarteh, àgbà ọ̀jẹ̀ ará Gáńbíà. Okùn mọ́kànlélógún ni kora ní, àwọn ìdílé jali ni ó sì ni ín. Àwọn jali wọ̀nyí jọ àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́: àjogúnbá ni iṣẹ́ wọn, ìtàn àwọn ọba sì wà lẹ́nu wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì, nígbà náà, ni ó kọ́ ọ. Ọ̀kan fi ìwé kọ́ ọ, pé kí ó má ṣe yẹ̀ kúrò lórí ohun tí a kọ. Èkejì fi etí kọ́ ọ, ó sì retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi tirẹ̀ kún un bí ó bá ti gbọ́n tó.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ́lò pín sí. Ó lè dá ta á, tàbí kí ó ṣe aṣáájú kí ọ̀pọ̀ olórin máa gbè é lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù láàárín gúdúgúdú àti kẹríkẹrì. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jókòó yíká láìsí ẹni tí ń darí wọn. Níhìn-ín kò sí ìyáàlù. Ẹni tí ń léwájú nísinsìnyí ni yóò di ẹlẹ́gbè láìpẹ́, olúkúlùkù a sì máa fetí sí èémí ẹnìkejì rẹ̀. Èyí ni ó le jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkínní ni àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún jù. Jẹ́gẹ́dẹ́ ń ṣe méjèèjì, ó sì ń mú kora jókòó láàárín àwọn olókùn ti Yúróòpù. Ní 1995 ni àwo orin rẹ̀, Lamentation, jáde. Ọdún kan náà ni BBC fi ètò Africa I Remember hàn nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan lè béèrè pé, kí ni ọmọ Èkìtì ń wá dé Gáńbíà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé tí ó kọ ní 1994: Áfíríkà ní orin àgbà tirẹ̀, tí ó ní òfin, olùkọ́ àti ìran, kì í ṣe Yúróòpù nìkan. Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Fẹlá Ṣówándé pẹ̀lú ti fi African Suite hàn ní 1944 pé àwọn olókùn wọ̀nyẹn lè gbé orin Áfíríkà. Ẹ̀rí mìíràn wà tí olùkọ́ èdè kò gbọdọ̀ fojú fò. Ẹ pe 'ìlú', kí ẹ sì gbọ́ bí ohùn ti ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ gòkè. Dùànù kò lè ṣe é, nítorí ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí rẹ̀. Dùndún ń ṣe é bí a bá tẹ ọsán rẹ̀. Ṣẹ́lò náà ń ṣe é: ọrùn rẹ̀ kò ní ìlà bíi ti gìtá, ìka sì lè yọ́ lórí okùn bí ó ti wù ú.

Ẹgbẹ́ MUSON, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Oníkan. Jẹ́gẹ́dẹ́ sì dá ẹgbẹ́ Art Ensemble of Lagos sílẹ̀ ní Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ Igbóbì yẹn lè wọ ọkọ̀ ní Fádéyì kí ó lọ bá wọn. Ohun èlò gan-an ni ìṣòro. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ra ni ṣẹ́lò; ọ̀rinrin ọ̀sà a máa wú u, ọyẹ́ a sì máa là á. Òkè òkun ni okùn rẹ̀ ti ń wá, ẹni tí ó bá sì já ọ̀kan kò ní rí òmíràn rà lọ́jà Ṣómólú.