Òkè Tibesti, Adágún Tó Kú, àti Ọyẹ́ Ilé Wa



Ètè gbogbo wa ló ń ya lásìkò ọyẹ́ yìí. Eruku ti bo orí ọkọ̀ tí ẹ gbé wá síbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárọ̀ yìí lẹ fọ̀ ọ́. Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé pé níbo ni eruku yìí ti wá, yóò dáhùn kíá pé láti Sàhárà ni. Olùkọ́ á sì gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n Sàhárà fẹ̀ tó orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá pe Sàhárà kò tíì dárúkọ ibì kankan. Eruku wa ní ibi tó ti ń gbéra, ibẹ̀ ní orúkọ, ó sì ní ìtàn. Àwọn òkè kan ló wà nídìí ìtàn náà, Tibesti ni orúkọ wọn, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, etí wọn sì wọ ilẹ̀ Líbíyà díẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé àwọn òkè yìí ló ń rán omi sí adágún ńlá kan láyé ìgbà kan, àwọn kan náà ló sì ń darí ẹ̀fúùfù tó ń kó ìsàlẹ̀ adágún náà wá sórí wa lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ti tóbi tó. Ilẹ̀ Tibesti tó nǹkan bí 100,000 kìlómítà níbùú-lóròó. Bí a bá da ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà pọ̀, wọn kò fẹ̀ tó o. Òkè tó ga jù níbẹ̀ ń jẹ́ Emi Koussi, gíga rẹ̀ sì tó 3,415 mítà, èyí tó mú un ga ju gbogbo òkè Sàhárà lọ. Òkè Ìdánrè tí a fi ń yangàn, tó sì yẹ ká fi yangàn, kò tó 1,000 mítà. Nínú iná ilẹ̀ ni Emi Koussi ti jáde. Òkè ayọnáyèéfín ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yí i ká.

Ìpele mẹ́ta ló wà nínú ilẹ̀ ọ̀hún. Òkúta líle ìgbà ìwáṣẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òkúta yanrìn tó dì fún àìmọye ọdún ló tẹ́ lé e. Lórí méjèèjì yìí ni iná abẹ́ ilẹ̀ wá ya sí, ó tú òkúta yíyọ́ jáde léraléra títí ó fi di òkè. Ibi tí òkúta yíyọ́ bá ti tú jáde púpọ̀, abẹ́ ibẹ̀ a di òfìfo, òrùlé rẹ̀ a wó lulẹ̀, ihò gbàgàdà a sì kù sórí òkè. Èyí tó wà lórí Emi Koussi fẹ̀ tó kìlómítà 12 sí 15. Inú rẹ̀ tún ni ihò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Era Kohor, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì funfun báláú. Òmíràn wà lẹ́bàá òkè Toussidé tí àwọn Faransé sọ ní Trou au Natron, tó jìn ju 700 mítà lọ. Ìsàlẹ̀ tòun náà funfun. Ẹ̀yin ìyá wa mọ nǹkan funfun yìí dáadáa, káún ni. Káún tí à ń fi se ewédú, tí à ń fi se ẹ̀wà kó lè tètè jinná, bó ṣe ń dì nìyẹn: omi á wọ́ jọ sí ibi tí kò ti rọ́nà jáde, ó ti kó iyọ̀ òkúta wá, oòrùn á fa omi lọ, á fi iyọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí káún ti ń ti ẹkùn Adágún Chad àti aṣálẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ wọ ọjà Hausa, kó tó dé ọjà tiwa.

Iná tó mọ àwọn òkè náà kò sì tíì kú tán. Toussidé ṣì ń rú èéfín láti inú àwọn ihò kéékèèké lórí rẹ̀. Ní ibì kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Soborom, omi gbígbóná ń hó láti inú ilẹ̀, ẹrẹ̀ ń yọ èéfín, àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń wá wẹ̀ ńbẹ̀ nítorí àìsàn.

Síbẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni Tibesti. Kí ló dé tó fi gbẹ tó bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń rọ̀jò fún wa ló ń fi ọ̀dá ṣe àwọn ará ibẹ̀. Ní agbègbè tiwa tó sún mọ́ ìlà ìdajì ayé, oòrùn a máa mú afẹ́fẹ́ gbóná, afẹ́fẹ́ a gòkè tòun ti ọ̀rinrin rẹ̀, á tutù lókè, á di òjò. Bó bá ti rọ òjò tán, afẹ́fẹ́ náà ò dúró. Ó di gbígbẹ, ó gba òkè ọ̀run lọ sí àríwá, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ sórí Sàhárà. Afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ a máa gbóná sí i ni, ìkùukùu kì í sì í lè dì nínú rẹ̀. Òkun sì jìnnà sí Tibesti lọ́tùn-ún lósì: láti Òkun Mẹditaréníà tàbí láti Òkun Àtìláńtíìkì, ó ju 1,000 kìlómítà lọ. Ẹ̀fúùfù olójò tó ń ti etíkun wa gòkè, nínú oṣù kẹjọ ló tó ń dé ìtòsí ibẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé.

Bardaï ni ìlú tó lórúkọ jù níbẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ sí i láàárín ọdún kan gbáko jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 12. Òjò ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹfà ní Ìbàdàn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Orí àwọn òkè gíga máa ń rí òjò ju Bardaï lọ, nítorí pé òkè máa ń ti afẹ́fẹ́ sókè tipátipá, ìyẹn náà a sì fún ìwọ̀nba ọ̀rinrin tó bá wà nínú rẹ̀ jáde. Lóru ìgbà òtútù, omi lè dì lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ooru nìkan ló wà nínú aṣálẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí díẹ̀. Ilẹ̀ tí òjò kì í rọ̀ sí, omi ló lè pa ará ibẹ̀. Kò sí igbó tí yóò gba òjò dúró, kò sí ilẹ̀ rírọ̀ tí yóò fà á mu, òkúta lásán ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè. Bí ojú ọ̀run bá ṣí lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo omi náà a rọ́ sínú àwọn ipadò gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní enneri. Inú ipadò náà, tàbí etí rẹ̀, sì ni àwọn ènìyàn ń gbé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni kànga ti lè kan omi, ibẹ̀ nìkan sì ni ọ̀pẹ dàbínù ti ń hù. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024, òjò ńlá rọ̀ ní Tibesti, ìkún omi sì pa ènìyàn tó ju àádọ́ta lọ. Ìròyìn náà kò pẹ́ lẹ́nu àwọn oníròyìn tiwa. Ó dùn mí, nítorí pé àwọn èèyàn tó kú yẹn, ará ilé wa nínú ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n.

Àwọn Teda ló ni ilẹ̀ náà, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Toubou. Olórí wọn ń jẹ́ derde. Ràkúnmí àti ewúrẹ́ ni wọ́n ń sìn, wọ́n ń kó dàbínù, wọ́n sì mọ gbogbo kòtò inú àpáta tí omi òjò máa ń pẹ́ sí. Nígbà tí Gustav Nachtigal, ará Jámánì, dé Bardaï lọ́dún 1869, òun ni òyìnbó àkọ́kọ́ tó wọ Tibesti tó sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á. Ó sá lóru. Wọn kò fẹ́ kí àlejò mọ ọ̀nà ilẹ̀ àwọn, èmi ò sì rí wọn bá wí, bí a bá wo ohun tó dé bá àwọn tó jẹ́ kí àlejò mọ ọ̀nà ilẹ̀ tiwọn láàárín ọgbọ̀n ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ara àpáta Tibesti ni ẹ̀rí ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Àwọn ará ìgbà àtijọ́ gbẹ́ àwòrán màlúù sára òkúta, wọ́n gbẹ́ erin, wọ́n gbẹ́ àgùnfọn. Àwọn ẹranko wọ̀nyí kò lè gbé níbẹ̀ lónìí. Ohun tó mú kí wọ́n lè gbé níbẹ̀ nígbà náà nìyí. Bí ayé ṣe ń tẹ̀ sí oòrùn a máa yí díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń gbà á tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ọdún kó tó yí ká. Láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn títí di nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́yìn, oòrùn ìgbà ooru ní àríwá ayé mú ju ti òní lọ, ó sì ń fa ẹ̀fúùfù olójò wọ inú Sàhárà jìnnà. Koríko hù. Omi kún ihò orí àwọn òkè Tibesti, ó di adágún. Àwọn enneri apá gúúsù di odò tó ń ṣàn tọ̀sán tòru sínú adágún kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mega-Chad. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 350,000 kìlómítà níbùú-lóròó, ó ju ìdá mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Nígbà tó kún àkúnya, ó ń tú sínú odò Bẹ́núè. Bẹ́núè sì ń bọ́ sínú Odò Ọya. Omi tó rọ̀ sórí Emi Koussi nígbà yẹn lè gba ilẹ̀ wa kọjá kó tó dé òkun.

Nínú adágún náà ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan wà tí ojú lásán kò lè rí, dáyátọ́ọ̀mù ni wọ́n ń jẹ́. Ìkarahun wọn dà bíi gíláàsì. Bí wọ́n bá kú, ìkarahun á rì sísàlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n fi ń rì bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi di ilẹ̀ funfun tó nípọn. Lẹ́yìn náà ni òjò sá padà, adágún ń súnkì, ibi tó sì jìn jù nínú rẹ̀ gbẹ. Bodélé ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí. Ó rẹlẹ̀ ju Adágún Chad tí a mọ̀ lónìí lọ ní ohun tó ju 100 mítà, síbẹ̀ kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀, nítorí pé odò Chari àti Logone, gúúsù ni wọ́n ti ń bọ̀, wọn kò sì lókun láti dé ibẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ wúwo a máa kórajọ sórí Líbíyà, á sì máa tú wá sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Tibesti dúró lọ́nà rẹ̀. Ní gúúsù ìlà-oòrùn rẹ̀, òkè kejì tí ń jẹ́ Ennedi dúró. Ẹni tó bá ti dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín ilé méjì nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ti mọ ohun tó kù: afẹ́fẹ́ tí ọ̀nà há fún a sáré. Ó sáré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ti ya òkúta yanrìn ilẹ̀ Borkou, tó wà nísàlẹ̀ àwọn òkè náà, ní poro-poro gígùn. Àwọn poro náà tẹ̀ yí ẹsẹ̀ Tibesti ká, àwòrán tí wọ́n ń yà láti òfuurufú sì fi wọ́n hàn kedere. Lóru, ẹ̀fúùfù yìí ń sáré lókè díẹ̀ sí ilẹ̀. Bí oòrùn bá yọ tó mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ a dà pọ̀, agbára tó wà lókè a bọ́ sílẹ̀, a sì bá ìkarahun dáyátọ́ọ̀mù ní Bodélé, fúyẹ́fúyẹ́. Wọn á máa gbún ara wọn, wọn á máa fọ́, wọn á di lẹ́búlẹ́bú. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ bíi Richard Washington, Martin Todd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé irinṣẹ́ lọ sí Bodélé láti wọn ẹ̀fúùfù yìí lójúkojú. Bodélé ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà sí orísun eruku tó tóbi jù lágbàáyé, ìjì eruku sì ń jà níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dún.

Eruku náà ń kọjá Kánò, ó ń kọjá Ìlọrin, ó ń bà lé wa, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ NASA tó fi sátẹ́láìtì wọn eruku láti ọdún 2007 dé 2013 ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 27.7 tọ́ọ̀nù eruku Sàhárà ló ń bà sínú igbó Amazon lọ́dọọdún, nínú rẹ̀ ni nǹkan bí 22,000 tọ́ọ̀nù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà, èyí tí igi ń jẹ. Ilẹ̀ tiwa náà ń gba nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́, àgbẹ̀ tí ọyẹ́ gbẹ kòkó rẹ̀, àti ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ kò lè gbéra kò ní fẹ́ gbọ́ pé eruku lóore. Oore náà wà, ìpalára náà sì wà, olùkọ́ tó bá sọ ọ̀kan fún ọmọ kó sọ èkejì.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin olùkọ́ àti ìjọba. Nígbà tí àjọ NiMet tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà bá kéde pé eruku ti gbéra ní Chad, bí wọ́n bá ṣe mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ Tibesti tó ni ìkéde yẹn ṣe máa wúlò tó. Àwọn irinṣẹ́ ojú ọjọ́ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ogun wà lára ohun tó fà á: Líbíyà àti Chad jà lórí ilẹ̀ Aozou tó wà láàlà wọn títí ilé-ẹjọ́ àgbáyé fi dá a fún Chad lọ́dún 1994, àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Wúrà tí wọ́n rí ní bí ọdún 2012 tún kó ìjà mìíràn dé. Yunifásítì Free ti Berlin ní Jámánì náà dá ibùdó ìwádìí sí Bardaï lọ́dún 1964, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún mẹ́wàá péré ni ibùdó náà fi ṣiṣẹ́. Nàìjíríà wà nínú àjọ Adágún Chad pẹ̀lú Chad, Niger àti Cameroon láti ọdún 1964. Owó ibùdó ojú ọjọ́ mélòó kan ní àwọn ìlú bíi Bardaï, Zouar àti Faya kò ju agbára wa lọ. Àwọn ọmọ Teda tó ń gbé níbẹ̀ ni kí a kọ́ níṣẹ́ wíwọn ojú ọjọ́, kí a sì máa sanwó fún wọn, nítorí àwọn ló mọ ilẹ̀ náà, ìkìlọ̀ ìkún omi tó lè gbà wọ́n là yóò sì ti ara irinṣẹ́ kan náà jáde.