Ìtọ́jú Àga àti Tábìlì Onígi Nínú Ilé
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Àdìgbẹ, Abẹ́òkúta)

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni a fi ra àga, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, ohun tó ní láárí ni a fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ máa fi owó ẹ̀yáwó ṣe. Bí àga bá bàjẹ́ kí gbèsè rẹ̀ tó tán, igi ìdáná ni onílé ń san owó lé lórí.

Èkínní, ẹ mọ igi tí ẹ ń rà. Ìrókò àti apá le. Ikán kì í tètè jẹ wọ́n. Arère rọ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bi káfíńtà léèrè orúkọ igi, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀, nítorí iwájú nìkan lè jẹ́ ìrókò.

Èkejì, eruku. Yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku wa, ó sì ń ha pólíìṣì. Aṣọ òwú tó ti gbó, tó sì rọ̀, ni kí ẹ fi máa nù ún lójoojúmọ́. Bí ó bá lẹ̀, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ rẹ aṣọ, ẹ fún un dáadáa, ẹ nù ún, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ gbẹ omi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da omi sí i, ẹ má sì fi irin ìfọkòkò ha á.

Ẹ má gbé ìkòkò gbígbóná tàbí ife tútù lé tábìlì láìtẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Àpá funfun ni yóò fi síbẹ̀. Àwọn kan ń fi epo pupa tàbí òróró pa igi. Ó ń dán lónìí ni, ṣùgbọ́n kì í gbẹ. Yóò kó eruku, yóò sì máa rùn. Pólíìṣì igi tàbí ìda oyin ló dára. Ẹni tó bá lo epo linseed, kó má ká àkísà rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì gbiná. Kó sá a síta, kó nà án tẹ́ títí yóò fi gbẹ.

Nígbà òjò, igi a máa wú. Nígbà ọyẹ́, a máa sún kì. Nítorí náà, bí dúrọ́ọ̀ bá há nígbà òjò, ẹ má sáré pe káfíńtà kó wá fá a, torí yóò gbò nígbà ọyẹ́. Ẹ fi àbẹ́là pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kòkòrò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráàyè wọ ibẹ̀. Ẹ fà kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri díẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò lóṣooṣù. Bí ẹ bá rí ipa amọ̀, ikán ti dé nìyẹn. Ẹ tọ ipa náà dé ibi tó ti ń bọ̀. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké àti ìyẹ̀fun igi nílẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kó tó ran èyí tó kù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi Gammalin ṣe é, kódà bí èyí tó ṣẹ́kù bá wà nínú àká. Májèlé lindane ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fẹnu kò láti fòfin dè ní ọdún 2009. Inú yàrá tí ọmọ ń sùn kọ́ ni ibi tirẹ̀. Oògùn yòówù kí ẹ lò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo, ẹ kó àwọn ọmọ síta, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, àwọn ará ilé a fi kó ilẹ̀. Bí ẹ bá délé lónìí, kí ẹ tó sùn, ẹ yẹ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yín wò.