Bí Àwọ̀ Ẹja Àrọ̀ Bá Yí Padà, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Omi

  

Àwa mẹ́ta tí a ń sin ẹja àrọ̀, tí a sì ń tà á láàyè, ni wọ́n ní ká sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an la fẹ́ sọ, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

A yá owó nínú ẹgbẹ́, a ra ọmọ ẹja 500, a kó wọn sínú tánkì oníke dúdú lẹ́yìnkùlé ilé kan ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, a kó wọn lọ sí tánkì tí wọ́n lẹ táìlì funfun sí nínú. Kò pẹ́, àwọ̀ wọn ṣá, wọ́n rí bí eérú. Ẹ̀rù bà wá. Ẹnì kan ní àìsàn ni. A ra kápúsù tí èèyàn ń lò, a tú u sómi, a sì lu èyí tó pọ̀ nínú ẹja náà ní gbàǹjo. Ìwọ̀nba tó kù, a dá wọn padà sínú tánkì dúdú. Ẹ gbọ́ o, wọ́n tún dúdú! Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀. Owó dùn wá, àmọ́ èyí tó dùn wá jù ni pé oníbàárà wa jẹ ẹja tí a da oògùn sí lára.

Ẹ̀yìn ìyẹn la tó lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran. Ó ní ẹja àrọ̀ máa ń fi àwọ̀ rẹ̀ jọ ibi tó wà. Níbi funfun, tàbí níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, á ṣá. Níbi dúdú, á dúdú. Bí a bá fi àwọ̀n kó o níkòókò, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, ara rẹ̀ lè rí tó-tò-tó. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, á padà sípò.

Báwo la ṣe ń mọ àìsàn gidi? Ẹ wò ó bóyá ó ń jẹun. Ẹja àrọ̀ máa ń jáde wá mí afẹ́fẹ́, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tó bá ń gbé ẹnu sókè lójú omi ṣáá, tí kò jẹun, ẹ fura. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, níbi tó fi ń mí. Ó yẹ kó pupa. Tó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ti dín. Tó bá pọ́n bíi ṣokoléètì, ìdọ̀tí ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ti ba omi jẹ́. Ohun tó dà bí òwú lára rẹ̀, egbò pupa, lẹbẹ tó ń jẹra, ikùn tó wú: àìsàn nìyẹn. Tí agbárí bá ń là, oúnjẹ tó ti pẹ́ jù, tí fítámì C inú rẹ̀ ti tán, ló sábà ń fà á.

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ yọ ẹja náà sọ́tọ̀. Ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan, ẹ pààrọ̀ ìlàjì omi. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórín, ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dà á sí i. Tó bá jẹ́ ti ṣokoléètì yẹn, iyọ̀ kílò kan nínú omi 1000 lítà máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má fi kápúsù èèyàn dán an wò, ẹ má sì ta ẹja tó ṣì ní oògùn lára. Ọmọ wa náà ń jẹ nínú ẹ̀.

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹgbẹ́ fún wa láyè, a san gbèsè náà tán díẹ̀díẹ̀, a sì tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ sin ẹja, ẹ wá bá wa kí ẹ tó ra oògùn kankan.