Ìtọ́jú Adìẹ Láti Ẹnu Ọ̀bẹ Dé Inú Ìkòkò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ wà ní ìjókòó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ níbi wáàsí. Ọ̀rọ̀ adìẹ ni. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, n kò ní bínú, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kan kò pa wá lẹ́rìn-ín rárá.

Ààwẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni a wà. Ọkàn gbogbo wa ni pé oṣù yóò lé lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí náà a dúḿbú adìẹ mẹ́fà lẹ́yìn ìrun Aláásárì, a hú ìyẹ́ wọn, a gé wọn sínú báàfù ńlá. Nígbà tí ó yá, ìkéde jáde pé a kò rí oṣù, ó di kí ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n. Kò sí iná, fíríìjì wa sì ti di kọ́bọ́ọ̀dù láti bí ọ̀sẹ̀ kan. A wọ́n iyọ̀ sí adìẹ náà, a dé e lọ́mọrí, ó sun ilé ìdáná mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ni a tó bọ̀ ọ́, tí a dín in. Ọ̀bẹ àti pákó tí a fi gé e náà ni a fi gé ìbẹ́pẹ àti kùkúńbà tí a fi ṣínu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ọdún tó mọ́, ọmọ mẹ́ta ti ń bì, wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ìyá wa àgbà kò sì lè dìde nílẹ̀. Yídì ni àwọn ará àdúgbò gbà lọ, ilé ìwòsàn ni àwa gbà lọ.

Ọlọ́hun yọ wọ́n. Àmọ́ nígbà tí a dé ilé, ẹnìkan ní bóyá a kò ṣe Bísímílà dáadáa. Mo wà níbẹ̀ o: a pa adìẹ náà bí ẹ̀sìn ti wí. Nínú Súúrà Bákárà, aya 168, ọ̀rọ̀ méjì ni Ọlọ́hun so pọ̀ lórí oúnjẹ, hàláàlì àti táyíbù, èyí tí ó tọ́ àti èyí tí ó dára. Ẹni tí ó mú ọ̀bẹ lè ṣe ti àkọ́kọ́ ní àṣeyọrí, kí ẹni tí ó wà ní ilé ìdáná ba ti èkejì jẹ́.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Salmonella àti Campylobacter. Inú ìfun adìẹ ni wọ́n máa ń gbé, adìẹ náà lè máa jẹ kí ó máa kọ, kí ara rẹ̀ sì le koko, nítorí náà ojú kò lè mọ èyí tí ó ní wọn. Nígbà tí a bá ń hú ìyẹ́ tí a ń tú ìfun ni wọ́n ń ràn mọ́ awọ àti ẹran. Ooru ni í pa wọ́n: bí àárín ẹran bá gbóná dé 74°C, wọ́n ti kú. Ní ti èyí, àwa Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro, nítorí a ó bọ adìẹ, a ó tún dín in kí a tó jẹ ẹ́. Ohun tí kò wọ inú ìkòkò rárá ni ó yẹ kí a máa bẹ̀rù: ọ̀bẹ, pákó, ọwọ́, àti abọ́ tí a gbé adìẹ tútù sí tí a tún wá da adìẹ díndín padà sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń pè pé kí ẹ wá pa adìẹ, ẹ̀yin náà ni wọ́n tún ń pè pé kí ẹ wá gé èso. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ sì mú ọ̀bẹ mìíràn. Àlùwàlá tí ẹ ṣe kò dípò ọṣẹ.

Ní ọdún 2014, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì polongo pé kí àwọn ènìyàn má ṣe fọ adìẹ tútù mọ́, nítorí omi ẹ̀rọ a máa ta kòkòrò náà sára àwo àti aṣọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n adìẹ tí wọ́n ti tún ṣe tán láti ilé iṣẹ́ ni tiwọn. Tiwa tí a hú ìyẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kò lè ṣàì fẹ́ omi. Ẹ rọra fọ̀ ọ́ nínú abọ́ jíjìn, kí ó jìnnà sí àwo àti oúnjẹ, ẹ má ṣe gbé e sí abẹ́ ẹ̀rọ tí ń ya. Kí ẹ da omi náà nù jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ abọ́ náà.

Adìẹ tútù kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru ọjọ́ bá ju 32°C lọ, bí ọ̀sán ilẹ̀ wa ti sábà máa ń rí, wákàtí 1 ni. Bí ó bá pẹ́ jù, àwọn kòkòrò kan a máa tu májèlé sínú rẹ̀ tí iná kò lè pa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun yóò sè é kí ó jinná dáadáa, adìẹ tí ó ti sun ìta mọ́jú kò ní àtúnṣe.

Ẹni tí ó ní fíríìjì, kí ó gbé e sínú abọ́ tí ó ní ọmọrí, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ tí a ti sè. Bí fíríìjì bá tutù dé 4°C, ọjọ́ 1 tàbí 2 ni kí ó lò níbẹ̀. Bí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú fírísà ni kí ó lọ. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Fíríìjì tí a kò ṣí lè mú òtútù dání fún wákàtí 4, fírísà tí ó kún lè dé wákàtí 48, èyí tí ó kún dé ìdajì wákàtí 24. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí adìẹ dídì yọ́, inú fíríìjì ni kí ó ti yọ́, tàbí kí ẹ dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi tútù tí ẹ ó máa pààrọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹni tí kò ní fíríìjì, adìẹ ààyè ni fíríìjì tirẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí mo sọ, inú àgò ni a fi tiwa sí títí wọ́n fi kéde pé oṣù ti lé. A dúḿbú wọn lẹ́yìn ìrun Ìṣáì pẹ̀lú iná àtùpà, wọ́n sì ti wà lórí iná kí wákàtí kan tó pé. Ìyá wa àgbà ni ó gbé àpótí jókòó ti báàfù náà, tí ó ń lé gbogbo ọmọ tí ó bá fẹ́ mú ọ̀bẹ ibẹ̀.