Kí Ọwọ́ Kọ́kọ́ Dúró

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán yíyà ń béèrè bóyá kí wọ́n pa bébà tì, kí wọ́n lọ ra táblẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán. Èmi ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ táblẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kì í fi àwòrán hàn lórí ara rẹ̀: ọwọ́ ń yà á nísàlẹ̀, ojú ń wò ó lókè lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró yóò wá máa kọ́ iṣẹ́ méjì pọ̀. Lóòótọ́, táblẹ́ẹ̀tì kì í jẹ bébà, ìlà tó wọ́ sì ń parẹ́ kíákíá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn: ìlà tó rọrùn láti parẹ́, a kì í fara balẹ̀ fà á.

Ẹ wo àwọn àgbà ayàwòrán méjì. Àwòrán inú ìwé ni Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń wò yà nígbà èwe rẹ̀. David Hockney ti lé ní ẹni 70 ọdún kó tó máa fi iPad yàwòrán ní 2010.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra pẹ́ńsù àti ìwé fún ọmọ yín lónìí.