Ibi tí Ooru Ẹ́ńjìnì Yẹ Kó Dé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì tí ẹ pé jọ sí Omagwa lónìí, ẹ mọ radietọ̀, ẹ mọ kúláǹtì, ẹ mọ támọ́sítáàtì. N kò ní í fi ìtumọ̀ wọn gba àkókò yín. Omi inú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní máa ń wà láàárín 85°C sí 105°C, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Bó bá ti ń sún mọ́ 120°C, ẹ pa ọkọ̀.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé torí yìnyín ni òyìnbó ṣe ṣe támọ́sítáàtì, pé ká yọ ọ́ sọnù nílẹ̀ ooru. Ó ti tó gẹ́ẹ́! Afẹ́fẹ́ Omagwa kì í sábà kọjá 35°C; bí 82°C sí 90°C sì ni támọ́sítáàtì tó ń ṣí ọ̀nà fún omi lọ sí radietọ̀. Òtútù Jámánì àti ooru tiwa, méjèèjì ló tutù lójú ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì yóò pẹ́ kó tó gbóná, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò máa da epo sí i bíi pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, epo tí kò jó tán yóò ṣàn sínú ọ́ìlì, irin yóò sì máa jẹ irin. Wọ́n á ní, "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ò gbóná jù mọ́ látìgbà tí a ti yọ ọ́." Bó bá jẹ́ pé ó há ni, òótọ́ ni, ó lè se ẹ́ńjìnì jinná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ta ní ń yọ ilẹ̀kùn ilé sọnù torí pé kọ́kọ́rọ́ há? Bí kò bá há, a jẹ́ pé radietọ̀ ló dí tàbí pọ́ǹpù omi ló rẹ̀, ẹ kàn fi àìsàn náà pamọ́ ni.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé ṣebí omi ń hó ní 100°C, báwo ni 105°C ṣe wá dára? Létí òkun ló ti ń hó ní 100°C. Ní Jos, bí 96°C ló ti ń hó. Ìdérí radietọ̀ ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kò fi ní í hó títí di nǹkan bíi 120°C, tí kúláǹtì bá sì jẹ́ ìdajì, ó lè kọjá 125°C. Ìdí nìyẹn tí ṣíṣí i nígbà tó gbóná fi ń bó èèyàn lójú. Kí ló wá dé tí mo fi ní 120°C ni òpin? Ìdérí ń gbó, ibi tó gbóná jù lẹ́bàá iná sì ju ohun tí míta ń kà lọ. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó jẹ́ alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, òun ló sì ń ba gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Alága ti ń na aago sí mi. Ní ti míta: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àárín ni abẹ́rẹ́ ń dúró sí láti bí 80°C títí kọjá 100°C, torí náà bó bá ti kúrò níbẹ̀ lọ sókè, ọ̀rọ̀ ti burú. Bí omi bá sì ti tán pátápátá, abẹ́rẹ́ náà lè máa sọ̀ kalẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ló kù tó ń wọ̀n.