Hítà omi oní-gáàsì tó ń tan tó tún ń kú: ohùn admin, a tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ

Ẹ̀yin ará wa ní Airport Road àti gbogbo Benin, Admin yín ni o. Ìbéèrè ìyá kan tó wọlé lálẹ́ àná ni mo fẹ́ dáhùn. Wọ́n ní hítà oní-gáàsì tó wà nínú balùwẹ̀ wọn máa ń tan dáadáa, àmọ́ tó bá tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún, á kú. Ẹni tó ń tún un ṣe wá ní òun máa so wáyà ààbò inú rẹ̀ pọ̀ kó má baà kú mọ́. Mà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ẹ bá ṣí omi, agbára omi ló máa ti rọ́bà kan nínú rẹ̀, rọ́bà yẹn á tẹ ṣwíìṣì, bátìrì á ta iná, gáàsì á ṣí. Ọ̀pá irin tínrín kan wà lójú iná tó ń ṣọ́ ọ. Tí kò bá rí iná, kíá ló máa ti gáàsì pa. Nítorí náà, ẹ wo ìgbà tó ń kú.

Tó bá jẹ́ pé bó ṣe tàn ló kú, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ńlá tí wọ́n ń pè ní size D. Bátìrì tó ti rẹ̀ ṣì lè ta iná, ṣùgbọ́n kò ní lágbára láti di ẹnu ọ̀nà gáàsì mú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ra òógùn-ún-tà o! Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti sílíńdà, kí púlọ́mbà fi pépà yanrìn fẹ́lẹ́ nu èéfín dúdú kúrò lára ọ̀pá yẹn.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹlòmíì bá ṣí omi ní kíṣìn-ín ló ń kú, agbára omi ni kò tó. Bọ̀hóòlù máa ń gbé yanrìn àti ìpẹtà wá. Asẹ́ kékeré kan wà níbi tí omi ti ń wọ hítà, ẹ tú u, kí ẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ wo rẹ́gúlétọ̀ náà. Èyí tí àwọn olóúnjẹ fi ń dáná ńlá kọ́ ló yẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka ara rẹ̀: tí wọ́n bá kọ G20, gáàsì inú páìpù òyìnbó ló wà fún, kì í ṣe ti sílíńdà wa.

Ó wá ku ti mà á. Hítà tó jó fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú yàrá títì kó tó kú, afẹ́fẹ́ ló ṣeé ṣe kó ti tán níbẹ̀, tàbí kí èéfín rẹ̀ máa padà wọlé. Wáyà tí ọkùnrin yẹn fẹ́ so pọ̀, òun ló ń pa á kí ó má baà pa èèyàn. Carbon monoxide ni wọ́n ń pe èéfín búburú yẹn. Gáàsì inú sílíńdà, wọ́n fi òórùn sí i ká lè mọ̀ tó bá ń jò. Èyí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, ẹsẹ̀ á rọ, onítọ̀hún á ṣubú sínú balùwẹ̀ tó ti tì mọ́ra. Àsìkò ọyẹ́ ló burú jù, torí gbogbo wa la máa ń ti fèrèsé.

Ẹ ṣe báyìí: ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Tí kò bá kú mọ́, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé e lọ sí ara ògiri ìta, tàbí kí wọ́n fa páìpù èéfín rẹ̀ síta. Títí dìgbà yẹn, omi orí sítóòfù ni kí gbogbo ilé máa fi wẹ̀. Tí láńlọ́ọ̀dù bá ń ṣe agídí lórí lílu ògiri, ẹ ní kó pè mí.

Mà á, ẹ ya fídíò ojú iná náà fún mi. Àwọ̀ búlúù ló yẹ kó ní. Tó bá ń pọ́n bíi ti àbẹ́là, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ polówó ọjà, Sátidé ni o.